Ọkọ̀ Tí Kì í Ṣìnà

Àtẹ̀gùn igba ó lé mẹ́rìnlá
ni mo gùn kí n tó dé ilé Fidencio
lókè Iztapalapa, níbi tí àwọn ilé ti gun ara wọn léjìká
bí ọmọdé tó fẹ́ yọjú wòran.
Mo gbé ìwọ̀n, mo gbé ẹ̀rọ ìfúnpá,
mo gbé ìwé pélébé tí wọ́n ya èso sí.

"Bàbá," mo ní, "omi ni kí ẹ máa mu."
Ó rẹ́rìn-ín. Eyín mẹ́ta ló kù fún ẹ̀rín náà.
Ó fi ọ̀pá kan àgbá dúdú orí òrùlé,
gbọ̀ọ̀n!
Wọ́n ní àgbá òfìfo ní í pariwo;
ti ibí yìí kò pariwo, ẹjọ́ ló ń rò.

Ọkọ̀ omi? Òní ló pé ọjọ́ mẹ́tàdínlógún.
Òkè ti ga jù, awakọ̀ wí.
Táyà ti bẹ́, awakọ̀ wí.
Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ẹlẹ́rìndòdò,
òkè yìí kan náà ló ń gùn,
Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú, Ọjọ́ Ẹtì,
òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o,
kò ṣìnà rí.

Ṣé kí n wá ní kó máa rìn kí ara lè le ni,
ọkùnrin tó ru bíríkì fún ọdún mọ́kànlélógójì,
tó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí
lọ kọ́ ilé fún ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀?
Oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀, tàmálì tí wọ́n ki bọ búrẹ́dì:
ó ń dúró níkùn títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Èèrà ló kọ́kọ́ sọ fún un.
Wọ́n tò lọ síbi tó tọ̀ sí lẹ́yìn ògiri,
wọ́n ń jàsè.
Ẹ̀yìn ìyẹn ni àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì dúdú.
Wọ́n gé e lóṣù Okúdù.
"Mẹ́sàn-án ṣì kù," ló wí.

Nínú fọ́ọ̀mù mi, àyè kan wà fún ìwà aláìsàn.
Mo kọ ọ́: ẹlẹ́rìndòdò, ìgò ńlá méjì lójúmọ́.
Mo wá àyè tí mo lè kọ àgbá sí.
Mo yí ìwé náà padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun.

Itzel, ọmọ-ọmọ rẹ̀, gbé ife kan wá,
torí a kì í jẹ́ kí ọ̀fun àlejò gbẹ.
Ó tutù. Ó ń hó kùṣùkùṣù.
Oòrùn ti lù mí bolẹ̀.
Mo mu ún tán.