Ọgọ́rin

Tísà Akíndùró wa Kámúrì rẹ̀ dé ìsọ̀ mi n'Íjọ̀kà,
àárọ̀ Túsìdeè, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.
Kò kí mi tán tó fi bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́:
"Ìyá Bùnkúnmi, ọkọ̀ yìí ń dójú tì mí.
Bí mo bá kọjá Ọ̀wẹnà, tí ọ̀nà tẹ́jú,
mo tẹ bọ́tìnì tó ń báni di eré mú,
mo gbẹ́sẹ̀ kúrò. Ó gbà á.
Ká tó ka ení dé ẹẹ́wàá, ó ti jù ú sílẹ̀,
bí ọmọ tá a ní kó di okùn ewúrẹ́ mú
tó rí àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù.
Mẹ́káníìkì Òṣínlé pààrọ̀ pọ́ǹpù.
Ti Ọ̀dà pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin,
ó tún ní kí n fi àdúrà sí i."

Mi ò fèsì. Mo ki kọ̀ǹpútà bọ abẹ́ dáṣíbọọ̀dù.
Sẹ́ńsọ̀ tọ́rọ́tù ló dárúkọ.
Ṣùgbọ́n mo ti pẹ́ nídìí wáyà ju kí n dájọ́
fún ẹni tí wọ́n kàn nàka sí:
wáyà lè já, ilẹ̀ lè má mú,
omi lè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n di ẹ̀bi ru aláìṣẹ̀.
Fóòtì márùn-ún ló yẹ kó wọlé. Mo wọ̀n ọ́n, ó pé.
Ilẹ̀ mú. Wáyà ò já.
Mo wá gbé mítà alábẹ́rẹ́ tí ọ̀gá mi fi sílẹ̀ fún mi,
gíláàsì rẹ̀ ti sán, sẹ́lótéèpù ló dì í mú.
Mítà onínọ́ńbà a máa bo àṣírí;
abẹ́rẹ́ ò lè pa irọ́ mọ́ra.

"Sà, ẹ wọlé, ẹ tẹ tọ́rọ́tù. Ẹ rọra,
bí ẹni ń fi omi gbígbóná tẹ ìwọ́ ọmọ tuntun."
Abẹ́rẹ́ gbéra. Ó ń gòkè,
ó ń gòkè bí arúgbó tó mọ àtẹ̀gùn ilé rẹ̀.
Lójijì, ó já bọ́ sí òdo,
ó tún fò sókè, ó ń bá tirẹ̀ lọ
bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe.
"Ẹ dá a padà. Ẹ tún un tẹ̀."
Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ibẹ̀ náà ni.
Kò ju ìbú èékánná lọ, ibi tó ti kú sí.

Olúwátuyì, ọmọṣẹ́ mi, ní, "Ọ̀gá, ibì kan péré?"
Mo ní, ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lójoojúmọ́, ṣé koríko ń hù níbẹ̀?
Mo yíjú sí Tísà: "Eré mélòó lẹ máa ń sá, sà?"
Ó nu ìgò ojú rẹ̀, tí kò dọ̀tí.
"Ọgọ́rin. Ọdún mọ́kànlá, Àkúrẹ́ sí Oǹdó,
gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Mọrẹ́nikẹ́ ní bí mo bá kọjá ọgọ́rin
òun á sọ̀ ní Bọ́lọ́rundúró, òun á fẹsẹ̀ rìn délé.
Ó di ọdún mẹ́rin tí mo ti ń dá lọ."

Mi ò mọ ohun tí èèyàn ń sọ sí irú èyí.
Mo sọ iye owó.
Ó ní ó wọ́n jù, owó ìfẹ̀yìntì ò tíì wọlé;
a nà án títí, ó san ìlàjì, ìyókù di ìparí oṣù.
Olúwátuyì sáré lọ ra òmíràn.
Mo la ikùn ti àtijọ́: ìlà dúdú kan, ó ń dán,
àfi ojú kan tó ti họ bí èjìká agégẹdú.
Tísà gbà á, ó wé e sínú áńkáṣíìfù, ó fi sápò.

Nírọ̀lẹ́ a dán ọkọ̀ wò lọ́nà Oǹdó. Òun ló wà á.
Ọgọ́rin. Ó tẹ bọ́tìnì. Ọkọ̀ gbà á.
A kọjá oko kòkó, a kọjá afárá Ọ̀wẹnà,
kò jù ú sílẹ̀.
Mo wo ìsàlẹ̀: bàtà rẹ̀ ò tẹ tọ́rọ́tù, kò sì kúrò níbẹ̀,
ó kàn ń rà bàbà lókè rẹ̀
bí ẹni tí kò mọ ibi tí yóò jókòó sí
nínú yàrá ara rẹ̀.