Ẹ̀yin Tí Ẹ Wà Lẹ́yìn Ajá

Wọ́n ní ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ.
Àwọn tiwa kò wá ọ̀bọ kankan í pa.
Omi ni wọ́n ń wá, àti ibi tí òkúta kò ti ní bà wọ́n,
lẹ́yìn Sọ́míìlì, lábẹ́ páànù tó ti dógùn-ún,
níbi tí a ti fi ajá mẹ́ta àti gbèsè bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Múínátù, amọ̀kòkò Òkèlele,
ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé.
Ẹ kò wọlé. Ẹ dúró létí títì, ẹ ká ìró sókè díẹ̀,
ẹ ní, "Àlùwàlá ń bẹ lára mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lá mi o."
Ẹ wá sọ ìkòkò mẹ́fà kalẹ̀, gbogbo wọn ló sán létí;
iná ti ṣe wọ́n báṣubàṣu, kò sẹ́ni tí yóò rà wọ́n.
Títí dòní, inú wọn lajá wa ti ń mumi.
Omi inú amọ̀ a máa tutù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.
Ajá náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Sàráfà ọlọ́kadà, mo rántí òru ọjọ́ yẹn.
Mọ́tò gbá abo ajá kan ní Gáréèjì Ọ̀fà,
ó sá lọ, kò bojú wẹ̀yìn.
Ẹnìkan tó ń kọjá ní, "Ògún ti jẹun nìyẹn."
Ìwọ bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, o fi dì í bí ọmọ tuntun,
o gbé e lé orí táǹkì epo,
ọwọ́ kan ṣoṣo lo fi wa ọ̀kadà dé Tankẹ,
níbi tí Dókítà Abíọ́yè ti dìde lójú oorun,
tó fi ìmọ́lẹ̀ fóònù rán awọ itan rẹ̀, torí kò síná.
Mo béèrè iye owó. Ó ní kí n fi ra gúrọ́fọ́tọ́ fún wọn.
Ẹ̀yìnlàárò la sọ ajá náà.
Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló kù fún un,
àmọ́ tó bá gbọ́ ìró alùpùpù rẹ,
kò sí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó lè bá a.

Ọ̀gá Jímọ̀ ahunṣọ, àjákù òfì yín dé,
orí rẹ̀ ni wọ́n ń sùn.
Èmi gan-an kò tíì ní òfì kankan o.
Ẹ̀yin ọmọ kéú tí ẹ máa ń sọ wọ́n lókò tẹ́lẹ̀,
tí ẹ wá ń ja eégbọn lára wọn,
tí ẹ ń kà á bí ẹni ka owó,
mo rí yín.

Àmọ́ ọyẹ́ èṣí dé, àìsàn kan bá a wọlé.
Ọmọ ajá mọ́kànlá, ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Èmi ni mo gbẹ́ ilẹ̀.
Nígbà tó parí, mo fi ṣẹ́ẹ̀nì ti géètì,
mo ní ó tó.

Ní ìdájí kejì, ọ̀rá egungun láti Ìpàta ń fì lára géètì.
Ìdájí kẹta, òmíràn.
Ọjọ́ keje ni mo lúgọ.
Àlùfáà Nùhú ni, ẹni tó fẹjọ́ wa sùn Mágàjí
pé ariwo ajá kì í jẹ́ kí òun gbádùn.
Ojú tì í. Ó ní,
"Mi ò sọ pé mo fẹ́ràn wọn.
Ìgbà tí wọn ò gbó mọ́ lóru,
mi ò rí oorun sùn ni."

Mo ṣí géètì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ránṣẹ́,
tí ẹ tún ń tọrọ àforíjì pé ó kéré,
ajá kò lè ní ẹ ṣeun.
Ìrù ló ní, ó sì ń jù ú,
ẹ wá wò ó.

Ìyá Múínátù, ìkòkò kan ti fọ́ o.
Bí òmíràn bá tún sán nínú iná,
ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí wa.