Nọ́mbà Mẹ́tàdínlọ́gọ́fà

Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi tútù,
ní àjà kejì, ní Ìkẹjà, lọ́jọ́ Ajé:
ìwé funfun mẹ́rin, ìṣó kékeré lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Mo fi ìka tọ orúkọ lọ sísàlẹ̀
bí ẹni ń wá ọmọ rẹ̀ nínú èsì ìdánwò.
Ìwé kìíní, n kò sí níbẹ̀.
Ìwé kejì, n kò sí níbẹ̀.
Ìsàlẹ̀ ìkẹta ni mo ti bá ara mi pàdé:
Afọlárìn G., mẹ́tàdínlọ́gọ́fà.
Ní Lékeléke, mọ́kànlélógójì ni mí títí di ìrọ̀lẹ́ àná.
Ẹ̀gbọ́n ni mo sùn, àbúrò ni mo jí.

Wọ́n ní Àwòdì ló ra Lékeléke.
Wọ́n tún ní kì í ṣe rírà, ìgbéyàwó ni.
Ó dáa.
Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó ni, ta ni ìyálé?

Ọjọ́ tí ènìyàn wọ Àwòdì ni wọ́n ń kà fún un.
Àwa ará Lékeléke, ọjọ́ ìsopọ̀ ni wọ́n fi ṣe ọjọ́ ìbí wa.
Ọdún mọ́kàndínlógún, Sókótó, Kàlàbá, Yólà,
òru tí ẹ́ńjìnnì ọ̀tún kú mọ́ mi lọ́wọ́ lókè Lọ́kọ́ja
tí mo fi ẹyọ kan tó kù sọ ọgọ́rin ènìyàn kalẹ̀,
wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sápò, wọ́n so ó lẹ́nu.

Lọ́jọ́rú, ọjọ́ tó ti rú láti orúkọ,
a pàdé ní gbọ̀ngán kan lẹ́yìn Ọ̀pẹ́bí.
Kápútẹ̀nì Adéṣugbà ti Àwòdì ní,
"Ẹ̀yin tí ilé yín wó, tí a gbà sílé,
ẹ tún ń bèèrè yàrá iwájú?"
Ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn:
"Bàálù mélòó lẹ ní kí a tó dé?
Méjì! Ọ̀kan ń fò, ọ̀kan ń gbàdúrà!"
Lọ́yà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún,
ó ní ká sún un sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun.
Ìṣẹ́gun ta?

Lọ́jọ́bọ̀, èmi àti Ìrètíọlá ni wọ́n pín pọ̀.
Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń balẹ̀
nígbà tí atẹ́gùn bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé.
Ó fi wá sílẹ̀ lọ sí Àwòdì lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn
nítorí àfikún owó oṣù.
Òun ló jókòó sápá òsì.
A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni,
ṣùgbọ́n nínú bàálù, òsì ni àga ọ̀gá.
"Ẹ káàárọ̀, sà." Ó fẹ́ kúnlẹ̀,
bẹ́líìtì ò jẹ́.
"Ẹ káàárọ̀, mà," ni mo fi dáhùn.
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wa.
Nígbà tí à ń padà bọ̀, ọyẹ́ ti bo Ìkẹjà,
iná ojú ọ̀nà ń yọ níkọ̀ọ̀kan
bí ọmọ àgbàdo lára ṣùkù.
"Ẹ rí i?"
"Mo rí i."
A ò sọ nǹkan mìíràn títí táyà fi kanlẹ̀.

Ní Ṣómólú, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré
ni ìyálé ìyá mi fi ṣáájú rẹ̀ wọlé.
Ọdún méjìlélógójì ni ìyá mi fi kúnlẹ̀
fún ẹni tí ì bá pọ̀n sẹ́yìn.
Lọ́dún tó kọjá, ìyálé kú.
Mo ní, Màmi, ipò ti tẹ̀ yín lọ́wọ́ o.
Ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.
Ìyàwó kẹta ti padà sí Kútọnu,
àwọn ọmọ wà ní Kánádà.
"Ta ni yóò wá kúnlẹ̀ báyìí?" ló ní. "Adìyẹ?"

Lọ́la, aago mẹ́fà kọjá ogójì ìṣẹ́jú, Yólà.
Apá ọ̀tún.
Mo ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.
Ilà wúrà mẹ́rin ṣì wà léjìká rẹ̀.
Wọn ò tíì ní kí n tú ọ̀kan.