Aró Inú Iyọ̀

Aláró ni ìyá àgbà mi, Ọyáníkẹ̀ẹ́,
lẹ́sẹ̀ òkè Ṣábẹ, níbi tí àpáta ti ń mu oòrùn.
Ọwọ́ rẹ̀ dú dé ìgbọ̀nwọ́;
mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i.

Ọrùn rẹ̀ ni kì í jẹ́ ká rí.
Gèlè fún orí, ìborùn fún gẹ̀gẹ̀,
ìbáà ṣe ọyẹ́, ìbáà ṣe ooru.
Àwọn ọmọdé ní ó gbé odindi ọsàn mì,
àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tí kò sọ ló di kókó sí i lọ́fun.
Òun a rẹ́rìn-ín, a tún ri aṣọ sínú ìkòkò.

Ojúgbélé ni àbíkẹ́yìn rẹ̀.
Ó pé ọdún méje kó tó rìn dé ẹnu ọ̀nà,
kò sọ̀rọ̀ rí títí a fi sin ín.
Ṣùgbọ́n bí reluwé bá ń bọ̀
ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ́ ọ kí etí wa tó gbọ́:
a tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ a là.

Reluwé yẹn ló ń gbé iyọ̀ wá láti etí òkun,
iyọ̀ oníhóró, funfun bí eyín ọmọdé.
A dà á sí igbá lẹ́bàá ààrò, ẹnu rẹ̀ ní gbangba.
Ta ni ìbá bi í pé, kí ló kù nínú rẹ?

Lọ́dún tí mo wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni Bíàú nọ́ọ̀sì dé
pẹ̀lú ìgò kékeré bí ti tìróò.
Ó kán omi rẹ̀ sórí iyọ̀ wa: funfun.
Ó kán an sórí tirẹ̀: aró! Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, aró!
"Ayódíìnì nìyẹn," ó ní. "Èyí tí ènìyàn ń fẹ́
láti ọjọ́ ìkúnlẹ̀ títí dọjọ́ ikú
kò ju ṣíbí tíì kan lọ.
Òjò ti fọ̀ ọ́ kúrò nínú ilẹ̀ yìí tipẹ́."

Ìyá àgbà wo iyọ̀, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.
"Aró," ló wí. "Aró ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi rẹ."
Kò sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Lónìí àbúrò mi lóyún oṣù mẹ́ta.
Mo ra iyọ̀ alámì fún un, mo dà á sínú ike onídèérí.
Má jẹ́ kó rí oòrùn, mo ní, má jẹ́ kó bá iná sùn,
sọ ọbẹ̀ kalẹ̀ kó o tó bù ú sí i.
Ó ní mo ti ń ṣe bí arúgbó.

Mo tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀.
Reluwé kì í kọjá mọ́.
Mo ṣì ń dúró.