Bàtà Ẹsẹ̀ Òsì

Nínú gbọ̀ngàn bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀, ní erékùṣù Samar,
níbi tí ìjì ti ṣí òrùlé
bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò láti wo ọbẹ̀,
a jókòó ti òkè ẹrù: èmi, Nana Sabing,
àti Crispulo, apẹja tí omi gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ.
Wọ́n lẹ bébà mọ́ wa láyà: Olùyọ̀ǹda Ara.
Èmi alára ò nílé. Ta ló béèrè?
Bí a bá ń sunkún, à máa ríran.

A tú àpótí kìíní: kóòtù onírun àgùntàn,
ó ki bíi mátírẹ́ẹ̀sì, ó ti ìlú oníyìnyín wá.
Crispulo gbé e wọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán gangan,
ó ń yan bí ọba tí kò nílùú.
A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa,
omi náà ò sì mọ ìgbà tó yẹ kó dá.

Àpótí kejì: aṣọ ìyàwó, funfun nini,
àti bàtà gogoro
fún ilẹ̀ tí ẹrẹ̀ rẹ̀ mu ni dórúnkún.
Ìkẹta: bàtà ẹsẹ̀ òsì, mọ́kànlélógún.
Ọ̀tún? Kò sí ẹyọ kan.
Ta ló dì í? Kí ló ń rò?

Nana Sabing ní ẹ má bú wọn.
Ó ní ọkàn ẹlòmíràn ló máa ń kọ́kọ́ sáré,
ọwọ́ á kàn gbá ohun tó bá wà nítòsí tẹ̀ lé e.
Ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé aṣọ ìyàwó náà,
ó rán an ní àwọ̀n ẹ̀fọn fún ọmọ ìkókó mẹ́ta.
Èyí tó kù la fi wé ọmọ Teofila.
A ò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bí ẹ bá bi mí, ẹ̀yin ará òkèèrè,
ǹ bá ní owó ni kí ẹ fi ránṣẹ́.
Owó kì í ki, kì í bu lórí omi,
owó kì í ní ẹsẹ̀ òsì.
Òun la fi ra páànù, òun la fi ra ìṣó,
òun la fi ra epo sí jẹnẹrétọ̀
tó ń tanná fún agbẹ̀bí lóru.
Ṣùgbọ́n ẹ ò bi mí. Bàtà ni mò ń kà.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, àpòòwé kan dé láti Bohol,
igun rẹ̀ kan wúwo, ó ń ró ṣaworo.
Owó ẹyọ: péésò mẹ́tàdínláàádọ́ta.
Ọmọ kan tó ń jẹ́ Jun-rey fi pẹ́ńsù kọ̀wé:
“Nígbà tí ilẹ̀ mì lọ́dọ̀ wa,
ẹnì kan tí n kò mọ̀ fún mi ní bisikíìtì.
Mo ti jẹ ẹ́. Ṣéńjì yín rèé.”

Nana Sabing ṣí ìwé àkọsílẹ̀,
ó kọ ọ́ sábẹ́ mílíọ̀nù tí ilé iṣẹ́ ńlá kan san,
bíírò kan náà, ìlà kan náà,
kò kọ tibí tóbi, kò kọ tọ̀hún kéré.
Ó wá fẹ́ atẹ́gùn sí i kí yíǹkì lè gbẹ.

Ó wù mí kí n sọ fún yín
pé ọkùnrin kan tó ṣẹ́ku ẹsẹ̀ òsì nìkan
yọ lẹ́nu ọ̀nà, pé a rí oníbàtà.
Irọ́ ni. Ẹnikẹ́ni ò wá.
Crispulo ló bu iyẹ̀pẹ̀ sínú wọn,
ó gbin ilá, ó tò wọ́n sẹ́bàá ògiri,
ó ń fi agolo mílíìkì bomi rin wọ́n,
ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọkọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Wọ́n ti hu báyìí.
Bàtà mọ́kànlélógún, ewé méjì méjì,
gbogbo wọn kọjú sí ọ̀nà èbúté,
bí ẹni tó ti gbé ẹsẹ̀ kan,
tó ń wá èkejì.