Fèrèsé Kan ní Ìtòkò

Fèrèsé kan wà nílé wa ní Ìtòkò
tí kò bá ilé náà mu.
Ó ga ju ilẹ̀kùn lọ,
orí rẹ̀ ṣe rogodo bí ẹ̀yìn alábahun.
Bíríkìlà tó bá ń kọjá á dúró, á rẹ́rìn-ín:
"Ta ló fi ojú ọba sí orí ìwọ̀fà?"

Baba ìyá mi ni, Ṣórẹ̀mẹ́kún ahunṣọ.
Ọdún tí wọ́n pe gbogbo ayé jọ sójú kan nílùú Òyìnbó,
wọ́n ní kí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú ohun tó ní wá pàtẹ:
ẹni tó ní wúrà kó gbé wúrà,
ẹni tó ní ẹ̀rọ kó gbé ẹ̀rọ.
Àwa, wọ́n ní ká gbé ènìyàn wá.

Ó wọ rélùwéè ní Láfẹ́nwá lọ́jọ́ Ajé kan,
òfì rẹ̀ nínú àpò, ọ̀kọ̀ ìhunṣọ mẹ́ta, òwú ẹrù méjì.
Ẹfúnbọ̀dé aya rẹ̀ kò sunkún.
Èédú ló fi ń ka ọjọ́ sára ògiri yàrá, ilà kan, ilà kan,
títí ògiri fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú tán.

Lọ́hùn-ún, wọ́n mọ ahéré fún un
láàárín àwọn ààfin sìmẹ́ńtì,
wọ́n ta okùn yí i ká.
Ó ń hunṣọ, wọ́n ń wò ó.
Ọmọdé ń ju bisikíìtì sí i bí ẹni ń bọ́ ẹyẹlé.
Obìnrin kan fọwọ́ kan irun rẹ̀,
ó sì nu ọwọ́.
Baba ní: "Wọ́n rò pé àwọn nìkan ló ń wòran.
Mo ka bọ́tìnnì aṣọ wọn.
Mo ka eyín tó ti ká lẹ́nu wọn.
Mo mọ ẹni tí bàtà ń há lẹ́sẹ̀.
Okùn ò mọ ẹni tó wà nínú,
okùn ò mọ ẹni tó wà lóde."

Lálẹ́, tí wọ́n bá ti ka owó ẹnu-ọ̀nà tán,
ó máa ń yọ́ gba abẹ́ okùn jáde
lọ dúró níwájú ààfin tó tóbi jù:
fèrèsé bí ogójì, iná mànàmáná nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Kò ní bébà. Òwú ló fi wọn ọ̀kan,
ó ta kókó kan sí gíga, kókó méjì sí ìbú,
ó ká a sínú fìlà.

Owó tí wọ́n ṣèlérí kò pé.
Wọ́n fún un ní síbí kan tí wọ́n ya ààfin sí lórí,
àti ìwé kan tí wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ kọ sí.

Odò Ògùn kún lọ́jọ́ tó dé.
Kò sọ̀rọ̀ okùn fún Ẹfúnbọ̀dé,
ọdún mẹ́wàá kọjá kó tó sọ ọ́.
Ó tú fìlà. Ó na òwú mọ́ ògiri,
ògiri tó kún fún èédú yẹn gan-an.
"Ibí ni kẹ́ ẹ lù."
Bíríkìlà ní ilé alámọ̀ kò lè gbé e.

Ó gbé e.

Mo gbọ́ pé wọ́n ti wó ààfin náà tipẹ́,
wọ́n fọ́ ọ, wọ́n fi dí kòtò ojú títì.
Aṣọ tí Baba hun wà nínú gíláàsì níbì kan;
wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: *A kò mọ ẹni tó hun ún.*

A mọ̀ ọ́n.
Abẹ́ fèrèsé rẹ̀ ni adìyẹ mi ń yé sí.
Síbí rẹ̀ la fi ń bu iyọ̀,
ààfin orí rẹ̀ ti pa rẹ́, ó ku òrùlé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àlejò mẹ́rin ti ìdí Olúmọ bọ̀,
wọ́n gbé kámẹ́rà sókè sí fèrèsé wa.
Ìbídùn ọmọ-ọmọ mi dúró nínú rẹ̀,
ọmọ ọdún mẹ́fà, kò rẹ́rìn-ín, kò sá,
ó tẹjú mọ́ wọn títí.
Nígbà tí wọ́n lọ, ó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi:
"Ìyá, èyí tó ga yẹn,
bọ́tìnnì kan ti já lára ẹ̀."