Ohun Tí Verna Lè Gbé

Verna Hruska ta alùpùpù ńlá ọkọ rẹ̀
lẹ́yìn tó dà lé e lẹ́sẹ̀ nílé epo,
tí ọmọ ọlọ́mọ wá bá a gbé e.
Èyí kò tóbi, kò kéré:
àpò awọ méjì níbàdí,
gíláàsì tó ń fojú gba kòkòrò.
Ó ń kùn bí ẹni tó yó.

Koríko Nebraska ń wólẹ̀ fún afẹ́fẹ́.
Àwọn ọ̀dọ́ fò ó kọjá bí ọta;
ó juwọ́ sí wọn. Ta ní ń lé e?

Nírọ̀lẹ́, létí odò Niobrara,
ó mọ̀ọ́mọ̀ bì í ṣubú,
ó fẹ̀yìn tì í, ó fi itan gbé e dìde,
ó gbọn ọwọ́,
ó tún bì í ṣubú.